Ẹ̀gẹ́ Tí Wọ́n Sá Sójú Títì

Táyà alùpùpù náà mọ́. Ohun tí ọ̀gá mi rí nìyẹn, tí èmi Abọ́dúndé, tí mo ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ṣe ọlọ́pàá, wò fún odindi ọjọ́ méjì tí n kò rí.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni. Ẹfúnwùmí, ọ̀gá wa ní kọmisáríà, àgọ́ ọlọ́pàá Adja-Ouèrè, lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù tí a gbé sí abẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà. Ó fi èékánná ha táyà iwájú, ó ha tẹ̀yìn, ó sì wo èékánná rẹ̀. Obìnrin náà kò tíì pé ogójì ọdún, kì í sì í pariwo. Tó bá ti dákẹ́ báyìí, mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ ń bọ̀ fún orúnkún mi tí kò gbádùn.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ẹ̀gẹ́ tí ìyá yẹn sá sójú títì, ṣé ó ti gbẹ lọ́jọ́ náà?”

“Rárá. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún omi rẹ̀. Ó ń lẹ̀ mọ́ bàtà mi nígbà tí mo débẹ̀.”

“Ó lẹ̀ mọ́ bàtà yín, kò wá lẹ̀ mọ́ táyà yìí.”

Mo wo bàtà mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí. Lójú títì tó ti Oko-Akarè lọ sí abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Ìgbó-Àpá, ojú ọ̀dà ni àwọn obìnrin ń sá nǹkan sí. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ata, gbogbo rẹ̀ ló ń lọ síbẹ̀, nítorí ọ̀dà máa ń gbóná, kò sì ní yẹ̀pẹ̀. Wọ́n á gba ìdajì ọ̀nà, wọ́n á to òkúta yí i ká, wọ́n á kẹ̀yìn sí ọ̀nà, wọ́n á máa fọwọ́ tú u. Wọn kì í wo ọ̀nà. Etí ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Tí ọkọ̀ bá ti ń dún bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á dìde, wọ́n á fa abọ́ wọn sẹ́yìn, ọkọ̀ á kọjá, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyábùnmi, ìyá arúgbó tó lé ní àádọ́rin ọdún, ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti da ọ̀dà sójú ọ̀nà náà, kò sì sí ọkọ̀ tó kàn án rí.

Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n bá a níbi tó ṣubú lé àwọn òkúta rẹ̀, ìbàdí rẹ̀ ti fọ́. Fabrice ló kúnlẹ̀ tì í, tó gbé orí rẹ̀ lé itan. Wákàtí kan gbáko ni ìyá náà fi wà láàyè lójú títì níbẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ara rẹ̀. Wọ́n ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e, wọn kò rí. Kí wọ́n tó rí, ó ti kú.

Ọmọ Ìgbó-Àpá ni Fabrice, ó ń fi alùpùpù gbé èrò, zẹ́mìjàn bí a ṣe ń pè wọ́n níbí. Nígbà tí àwọn ènìyàn pé lé e lórí, gbólóhùn kan ló sọ: “Èmi ni mo pa á.” Àwọn ọmọ ìyá náà fẹ́ dáná sun ún. Èmi ni mo lọ gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, mo sì jẹ igi méjì lẹ́yìn nítorí rẹ̀. Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba yóò wá gbé e lọ sẹ́wọ̀n, kó lọ máa dúró de ìdájọ́. Mo mọ àwọn tó ti dúró de ìdájọ́ fún ọdún mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ìyàwó rẹ̀, Bíntù, bímọ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn gan-an. Ọmọ náà kò tíì fojú kan bàbá rẹ̀.

A mú un jáde wá. Ẹ̀wù tí ẹ̀jẹ̀ ìyá náà ti gbẹ mọ́ ló ṣì wọ̀.

“Fabrice, sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi,” ni Ẹfúnwùmí wí.

“Mo ti sọ ọ́, Ọ̀gá. Èmi ni mo pa á.”

“Ibo lo gbà?”

“Mo gba àárín ẹ̀gẹ́ rẹ̀, mo sì kọ lù ú.”

“Apá ibo lára alùpùpù ló kàn án?”

“Iwájú.”

“Iná iwájú alùpùpù rẹ kò fọ́. Kò sí ẹ̀gẹ́ lára táyà rẹ méjèèjì.”

Ó tẹ orí ba. “Ẹ kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Mo bẹ̀ yín.”

“Ọkùnrin ni ìyàwó rẹ bí.”

“Mo ti gbọ́. Ẹ kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.”

Mo ti rí òpùrọ́ tó pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí. Gbogbo wọn ló ń purọ́ kí wọ́n lè bọ́. Ẹni tó ń purọ́ kí wọ́n lè de òun mọ́lẹ̀, n kò rí irú rẹ̀ rí, ó sì kó ìrònú bá mi. A dá a padà sí àtìmọ́lé. Ẹfúnwùmí gbé fìlà rẹ̀, ó ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ alùpùpù wa.

*

Ẹ̀gẹ́ náà ṣì wà lójú títì nígbà tí a débẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹsẹ̀ èrò ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ káàkiri, eṣinṣin sì ti gbà á. Oyèfúnkẹ́, ìyàwó àbúrò ọkọ olóògbé, ni ilé rẹ̀ kọjú sí ibẹ̀. Òun nìkan ló wà nítòsí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nítorí àwọn yòókù ti lọ sóko.

“Ìyá, ẹ kú ara fẹ́ra kù, ẹ kú ọ̀fọ̀,” Ẹfúnwùmí kúnlẹ̀ kí i. “Àwọn wo lẹ rí tó kọjá lọ́jọ́ náà?”

“Mo rí Lucien ọlọ́kọ̀ akẹ́rù ní kùtùkùtù, tó ń lọ ra ẹyìn. Mo rí oníbúrẹ́dì. Nígbà tí oòrùn wọ àtàrí, mo rí Fabrice. Kò sí ẹlòmíràn.”

“Níbo lẹ jókòó sí?”

Ó tọ́ka sí abà kékeré kan. Àpótí ìjókòó rẹ̀ kọjú sí ààrò, ó kẹ̀yìn sí títì.

“Ṣé ẹ yíjú padà wo Lucien?”

“Kí ni mo fẹ́ wò lára Lucien? Ọkọ̀ rẹ̀ ń wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ odò.”

“Oníbúrẹ́dì ńkọ́?”

“Fèrè ló máa ń fun.”

“Ìyá, ẹ kò rí ẹnì kankan. Ẹ gbọ́ wọn ni.”

Oyèfúnkẹ́ wò ó tìyanu-tìyanu. “Ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni, ọmọ mi?”

Ẹfúnwùmí dìde. Ó lọ sí etí ẹ̀gẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sójú títì, aṣọ ìjọba lára rẹ̀, ó ń fi ìka tú ẹ̀gẹ́ gbígbẹ ní ẹ̀gbẹ́ àwọn òkúta. Nígbà tó dìde, nǹkan kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀: èérún funfun kan tó mọ́ gaara, tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ara ìbòjú iná ọkọ̀ ni.

Inú mi dùn. “Lucien,” ni mo sọ. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Lucien àti ìyá náà kì í rẹ́. Gbogbo ọjọ́ ló ń bínú pé ó fi ẹ̀gẹ́ dí ọ̀nà mọ́ òun, ìyá náà á sì máa ṣépè tẹ̀lé ọkọ̀ rẹ̀. A bá a nílé. Ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wà níwájú òde, ẹ̀gẹ́ gbígbẹ sì lẹ̀ mọ́ táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ti fọwọ́ kan ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ní ìbàdí mi.

“Mo gba orí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kọjá,” ni Lucien wí. Kò tilẹ̀ dìde lórí ìjókòó. “Láàárọ̀ ni. Ó dìde, ó fa abọ́ rẹ̀, ó bú mi, mo bú u padà. Bí a ṣe ń kíra wa nìyẹn, ó ti tó ọdún mẹ́jọ. Ta ni yóò máa bú mi báyìí?” Ó tọ́ka sí ọ̀nà Ikpinlè. “Láti ìgbà náà títí di àṣálẹ́, ibi tí wọ́n ti ń fún epo pupa ní Ikpinlè ni mo wà. Ẹ lọ béèrè.”

A lọ béèrè lóòótọ́. Ènìyàn mẹ́fà ló jẹ́rìí pé ó wà níbẹ̀. Iná ọkọ̀ rẹ̀ sì ti fọ́ tipẹ́tipẹ́, ó fi ọ̀rá dí ojú rẹ̀ ni.

“Tí kì í bá tiẹ̀ ṣe ti àwọn ẹlẹ́rìí, n kò ní fura sí i,” Ẹfúnwùmí sọ fún mi nígbà tí a ń padà bọ̀. “Ìyá tí etí rẹ̀ mú bẹ́ẹ̀ kò ní gbọ́ ọkọ̀ Lucien kó má dìde. Ọkọ̀ tó pa á, kò gbọ́ ọ. Oyèfúnkẹ́ náà kò gbọ́ ọ.”

“Ọkọ̀ wo ni a kì í gbọ́, Ọ̀gá?”

“Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní tèmi ná. Ta ló gbé Bíntù lọ sí ilé ìgbẹ̀bí?”

“Ọkọ rẹ̀. Alùpùpù ló fi—” Mo tẹ bíréèkì. Ọkọ rẹ̀ ti wà pẹ̀lú ìyá tó ń kú lọ, ó tó wákàtí kan. Alùpùpù rẹ̀ wà níbẹ̀. Ní àkókò yẹn gan-an ni Bíntù ń rọbí ní Adja-Ouèrè. Láti Ìgbó-Àpá dé ilé ìgbẹ̀bí jẹ́ kìlómítà mẹ́rìnlá, ọ̀nà yìí nìkan ló sì wà.

“Àbí ó fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ ni?” ni Ẹfúnwùmí wí.

*

Gbogbo wa la mọ ọkọ̀ Pélagie. Agbẹ̀bí ni Pélagie, òun nìkan ló sì ń lọ láti abúlé dé abúlé ní agbègbè wa. Àbúrò rẹ̀ tó wà lókè òkun ló fi ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí i. Irú ọkọ̀ tó ní ọ̀nà ìrìn méjì ni: ọ̀kan ń mu ẹ̀sáǹsì, ìyẹn epo pẹtiróò, ọ̀kan ń fi iná bátìrì rìn. Ó máa ń ki okùn rẹ̀ bọ iná oòrùn ilé ìgbẹ̀bí. Kì í ṣe pé a kò mọ̀ pé kì í pariwo tó bá ń fi bátìrì rìn. Ohun tí a tún mọ̀ ni pé lọ́sẹ̀ yẹn kò sí ẹ̀sáǹsì. Wọ́n ti ti ẹnubodè pa, àwọn tó ń ta kpayo, ẹ̀sáǹsì fàyàwọ́, nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà ti ká tábìlì wọn. Ní Ọjọ́ Ajé, Pélagie fúnra rẹ̀ wá tọrọ lítà méjì ní kọmisáríà, a kò ní ju ìwọ̀nba tó wà nínú alùpùpù wa lọ. Nítorí náà, lójú tèmi àti lójú gbogbo ìlú, ọkọ̀ Pélagie jókòó sílé. Ọkọ̀ tí kò mu epo kò lè rìn. Èyí tí ọmọdé mọ̀ nìyẹn, òun sì ló tàn wá jẹ.

A bá ọkọ̀ náà nínú ọgbà ilé ìgbẹ̀bí. Iná iwájú rẹ̀ lápá ọ̀tún ti sán, èérún ọwọ́ Ẹfúnwùmí sì bá ojú ibẹ̀ mu gẹ́lẹ́. Pélagie jáde sí wa, ó ń nu ọwọ́. Ojú rẹ̀ ti wọnú.

“Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo gbé Bíntù,” ó ní kí a tó béèrè. “Ọmọ náà dábùú. Tí mo bá fi í sílẹ̀ ní Ìgbó-Àpá, àwọn méjèèjì ni ì bá kú. Kò sí ẹ̀sáǹsì, bátìrì nìkan ló kù. Mo ti yí abúlé mẹ́ta láàárọ̀. Ohun tí ọkọ̀ kọ síwájú mi ni pé ó ku kìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo fi han Fabrice. Mo ní, wò ó, yóò gbé wa dé, ṣùgbọ́n kò ní ṣẹ́ kù. Ó ní òun á fi ìwọ̀nba ẹ̀sáǹsì tó kù nínú alùpùpù òun tẹ̀lé wa bọ̀.”

“Nígbà tẹ́ ẹ dé ibi ẹ̀gẹ́ ìyá yẹn ńkọ́?”

“Bíntù figbe ta, ó di aṣọ mi mú látẹ̀yìn. Mo yíjú wò ó. Ìṣẹ́jú akàn ni. Mo gbọ́ gbì.” Ó tún nu ọwọ́. “Mo ní òkúta ni. Àwọn òkúta tí wọ́n ń tò yẹn. Ó wù mí kí n dúró wò ó.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò dúró?”

“Ẹ̀rù ọkọ̀ náà bà mí. Ṣé ẹ rí àwọn takisí wa, tí bátìrì wọn bá ti rẹ̀, wọn kì í paná, wọn kì í dúró, torí tí wọ́n bá dúró, ó di ká tì í. Mo ní tí mo bá dúró, kò ní gbéra mọ́. Mo tilẹ̀ fi gèlè bo ojú ibi tó ń kọ nọ́ńbà, n kò fẹ́ máa rí i bó ṣe ń dín kù. Nígbà tí mo dé ibí, mo ki okùn bọ̀ ọ́, mo sì sáré wọlé. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n sọ fún mi pé alùpùpù Fabrice ti pa ìyá kan.” Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. “Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún ara mi pé òkúta ni.”

Kò sọkún. Ì bá sunkún, ì bá rọrùn fún mi láti wò ó.

*

Ẹfúnwùmí lọ bá Fabrice nínú àtìmọ́lé, mo sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó sọ gbogbo ohun tí a rí fún un. Fabrice gbọ́ ọ tán.

“Ẹ má kọ orúkọ rẹ̀,” ó ní. “Òun kò mọ̀. Èmi mọ̀.”

“Kí lo mọ̀?”

“Ẹ̀yìn ni mo wà, Ọ̀gá. Mo rí i bí ọkọ̀ ṣe gbá ìyá náà. Mo dúró. Ìyá ń mí, ó ń sọ̀rọ̀, ó ní kí n fa aṣọ òun wálẹ̀ bo ẹsẹ̀ òun. Ọkọ̀ ṣì wà lọ́ọ̀ọ́kán, mo ń rí i. Fóònù wà lọ́wọ́ mi. Mo ti tẹ nọ́ńbà Màdáàmù Pélagie jáde.” Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú, ó ń wò ó. “Tí mo bá pè é, yóò yí padà. Ẹ mọ̀ ọ́n, yóò yí padà. Yóò gbé ìyá. Bátìrì á sì tán kí wọ́n tó dé, Bíntù á kú sójú ọ̀nà, ọmọ á kú, bóyá ìyá náà á kú mọ́ wọn. Mo ṣírò rẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù, mẹ́rìnlá ni ọ̀nà. Mo fi fóònù sápò.”

“O kò pe ẹlòmíràn?”

“Mo pe gbogbo ènìyàn. Kò sẹ́ni tó ní ẹ̀sáǹsì. Ìbàdí tó fọ́ kò sì ṣe é gbé sórí alùpùpù.”

Ẹfúnwùmí jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Wákàtí kan ni mo fi wo ojú rẹ̀,” ni Fabrice wí. “Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo dúró ti òun. Nítorí náà, nígbà tí mo ní èmi ni mo pa á, n kò purọ́.”

Nígbà tí a jáde, mo ní, “Ọ̀gá, ọmọ náà kò ṣẹ̀. Kò sí ohun tó lè ṣe.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, kò sí,” ó ní. “Nọ́ńbà yẹn ló dì mú. Òun nìkan ló kù fún un.”

Ó pe agbẹjọ́rò ìjọba. Mo ń gbọ́ ohùn ọkùnrin náà nínú fóònù: ọkọ̀ tí kò ní epo, tí ẹnì kankan kò gbọ́, tó rin kìlómítà mẹ́rìnlá? Ẹni tó ti jẹ́wọ́ ni kí òun tú sílẹ̀ nítorí ìyẹn? Kí Ọ̀gá fi ẹ̀rí hàn kó tó di ọ̀sán ọ̀la, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ ẹ̀wọ̀n ń bọ̀ wá gbé Fabrice.

*

Ọ̀nà kan ló wà láti fi ẹ̀rí hàn: kí a wa ọkọ̀ náà. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, Pélagie wà á lọ sí Ìgbó-Àpá, ó ń yí ká abúlé títí nọ́ńbà fi wálẹ̀ dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sí ẹ̀sáǹsì kankan nínú rẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n jókòó sẹ́yìn, kí ìwúwo lè bá ti Bíntù mu. Ẹfúnwùmí ní a lè ka ikùn mi sí oyún. Òun nìkan ló gbìyànjú àwàdà lọ́jọ́ náà.

“Ẹ wà á bẹ́ ẹ ṣe wà á lọ́jọ́ yẹn,” ó sọ fún Pélagie bó ṣe jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú.

“Mo rọra ń lọ, nítorí Bíntù. Mo sì pa ẹ̀rọ tútù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ọkọ̀.”

A gbéra. Ẹ gbọ́, ẹ̀rù ọkọ̀ náà bà mí. N kò gbọ́ nǹkan kan bí kò ṣe òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ táyà. Àwọn ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà kò dìde títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn wọ́n. Nígbà tí a dé ibi ẹ̀gẹ́, Pélagie rọra yà á sílẹ̀. Mo wo nọ́ńbà. A ti rin márùn-ún, ó yẹ kó ku mẹ́wàá. Mẹ́tàlá ló kọ.

Mo rò pé ojú mi ni.

Nígbà tí a yọ sí ilé ìgbẹ̀bí, mẹ́rìnlá ti pé, nọ́ńbà ṣì kọ mẹ́fà. Ẹfúnwùmí ní, “Ó tó. Ẹ dúró. A ti rí ohun tí à ń wá.”

Pélagie kò dúró. Ó kọjá ẹnu ọ̀nà, ó gba ọ̀nà Ikpinlè, láàárín oko ọ̀pẹ. Ẹfúnwùmí tún pè é. Kò gbọ́, tàbí kò fẹ́ gbọ́. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìndínlógún. Ní méjìdínlógún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á jáde lẹ́nu. Ní méjìlélógún, ọkọ̀ náà rọra ń fa ẹsẹ̀, ó sì kú.

A jókòó síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣí ilẹ̀kùn.

“Ìwà mi ló fi ń ṣírò,” Pélagie ní. “Mo máa ń sáré, mo máa ń tan ẹ̀rọ tútù. Ohun tó mọ̀ mọ́ mi ló kọ sílẹ̀. Kò mọ̀ pé mo rọra ń lọ lọ́jọ́ yẹn.” Ó gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lára ìtọ́kọ̀. “Mo lè dúró. Mo lè yí padà. Kìlómítà mélòó ni mo bá fi yí padà, méjì? Ká lọ méjì, ká bọ̀ méjì. Méjìdínlógún. Mo lè gbé àwọn méjèèjì.”

Mo wo ọ̀gá mi. Mo rí i pé ó ti ṣírò rẹ̀ ṣáájú wa, láti ibi ẹ̀gẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ní ká dúró.

Nígbà tí Pélagie sọ̀ kalẹ̀, mo sọ̀rọ̀ sí Ẹfúnwùmí létí. “Ẹ kọ mẹ́rìnlá. Ẹ kọ ọ́ pé ó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí, ká fi mọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe irọ́.”

Ó wo Pélagie níta. Ọ̀gá tí n kò rí kó fo kóńmà kan nínú ìwé rí.

“Mẹ́rìnlá,” ó ní. “Kí Fabrice má ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu wa.”

*

Agbẹjọ́rò ìjọba gbà. Ọkọ̀ tó wá lọ́sàn-án, Pélagie ló gbé. Ó ti di ẹrù rẹ̀ sínú àpò kan, ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé oògùn sílẹ̀ fún obìnrin tó ń gbálẹ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn. Aboyún mẹ́ta ló jókòó sórí pẹpẹ tí wọ́n ń wò ó bó ṣe ń lọ. Ọ̀kan béèrè ìgbà tó máa dé.

Ẹfúnwùmí tẹ̀lé e lọ kó lè jẹ́rìí fún un. Èmi ni wọ́n fi sílẹ̀ láti tú Fabrice sílẹ̀. Bíntù ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀, òun àti ọmọ.

Mo ṣílẹ̀kùn àtìmọ́lé. Mo ní, “Ó ti parí. Máa bọ̀. Ìyàwó rẹ ń bọ̀ lọ́nà.”

Ó dìde. Ó wọ bàtà rẹ̀. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó sì dúró. “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ wa ọkọ̀ náà wò.”

“A wà á.”

“Níbo ló kú sí?”

Gbólóhùn kan ni mo ní láti sọ. Mo ti ń fi í kọ́ra láti oko ọ̀pẹ: ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí. Mo ti purọ́ fún ọ̀gá, fún ìyàwó, fún adájọ́. Mo la ẹnu. Ojú ọmọ náà wà lójú mi, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ náà, mo sì rí bó ṣe fẹ́ ẹ tó. Ohùn kò jáde. Nígbà tí mo fi máa sọ ọ́, ó ti pẹ́ jù.

“Mélòó?” ó ní.

“Fabrice, gbọ́ mi—”

“Mélòó, ẹ̀gbọ́n?”

“Méjìlélógún.”

Kò ké. Ó ṣí ọwọ́ rẹ̀, ó ń ka ìka, ó ń ṣírò rẹ̀ bí Pélagie ti ṣírò rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Nígbà tó ṣírò tán, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó padà sí ìdí ògiri, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní òun kọ́ ló kọ nọ́ńbà náà, pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Mo sọ gbogbo ohun tí àgbàlagbà máa ń sọ, kò sì sí èyí tí mo gbà gbọ́ nínú wọn. Mo gbọ́ ohùn obìnrin nínú ọgbà, àti ẹkún ọmọ tuntun.

Fabrice gbé orí sókè. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún un pé wọ́n ti gbé mi lọ,” ó ní.

Bíntù ti dé ẹnu ilẹ̀kùn lẹ́yìn mi. Ó gbọ́ ọ.